Àṣìṣe Tí Richardson Fi Hàn àti Èyí Tí Kò Rí

Gbogbo ẹni tó bá ti mẹ́nu ba ìwé Lewis Fry Richardson, ojú ewé kan náà ni wọ́n máa ń ṣí. Weather Prediction by Numerical Process lorúkọ ìwé náà. Ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Cambridge ló tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1922. Ojú ewé tí mò ń sọ wà ní orí kọkànlá. Níbẹ̀, Richardson ní ká fojú inú wo gbọ̀ngàn ńlá kan tó rí roboto bí ilé tíátà, tí wọ́n ya máàpù ayé sára ògiri rẹ̀ yíká, tí èèyàn 64,000 jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe ìṣirò ojú ọjọ́, oníkálukú pẹ̀lú ibi tirẹ̀ lórí máàpù. Ọkùnrin kan wà lókè òpó gíga láàárín wọn bí olórí ẹgbẹ́ akọrin. Apá ibi tó bá ń sáré ju àwọn yòókù lọ, á tan iná pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sí wọn. Àwọn tó bá ń falẹ̀, iná aláwọ̀ aró.

Èmi tí mò ń kọ kóòdù jẹun, mo mọ ìdí tí ojú ewé yìí fi ń dùn mọ́ wa. Kò tíì sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn rárá, ọkùnrin yìí sì ti rí i bí ẹ̀rọ púpọ̀ ṣe lè pín iṣẹ́ kan ṣoṣo ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á sì máa dúró de ara wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti jà pẹ̀lú server mẹ́wàá tí ọ̀kan nínú wọn ń falẹ̀, á mọ iná aláwọ̀ aró yẹn dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi: kì í ṣe ojú ewé yẹn ló sọ ìwé náà di ńlá. Àlá ni. Orí kẹsàn-án ni kí ẹ kà, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá, nítorí pé nọ́ńbà ló kún inú ẹ̀, àti pé ìdáhùn tó wà níparí gbogbo ìṣirò náà kò tọ̀nà. Kò sún mọ́ òtítọ́ rárá ni.

Ẹ gbọ́ ná, báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìlú Newcastle ni wọ́n ti bí Richardson lọ́dún 1881, sínú ìdílé Quaker, àwọn Kristẹni tí kì í bá wọn jagun. Lọ́dún 1910 ó gbé ìwé ìwádìí kan jáde lórí bí omi ṣe ń ti ògiri ìdídò, àti bí èèyàn ṣe lè mọ ibi tí ògiri náà ti ń jìyà jù. Ọgbọ́n tó lò níbẹ̀ ló tẹ̀ lé e dé ìdí afẹ́fẹ́. Òfin tó ń darí omi ló ń darí afẹ́fẹ́, àwọn onímọ̀ sì ti mọ òfin náà tipẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè fi lẹ́ẹ̀dì yanjú ẹ̀ fún gbogbo ibi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Richardson ní ká má wulẹ̀ wá ìdáhùn gbogbogbòò mọ́. Ká pín máàpù sí àpótí àpótí bíi pátákó dráàfù. Kí àpótí kọ̀ọ̀kan wo àwọn tó múlé gbè é: kí ni wọ́n ń tì sínú mi, kí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mi? Lẹ́yìn náà ká sún aago síwájú díẹ̀, ká tún un ṣe. Ẹni tó bá ti kọ for loop rí láyé ẹ̀ ti mọ ìyókù.

Ó di olórí ibùdó ìwòye Eskdalemuir ní Scotland lọ́dún 1913. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Kò ní gbé ìbọn, àmọ́ ara rẹ̀ kò gbà á láti jókòó sílé náà. Lọ́dún 1916 ó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ilẹ̀ Faransé lọ, ó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́. Ibẹ̀ ló ti ṣe ìṣirò orí kẹsàn-án. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi ṣe é, nígbà tí iṣẹ́ bá dáwọ́ dúró, nínú yàrá tútù kan, òkìtì koríko gbígbẹ sì ni tábìlì rẹ̀. Nígbà ìjà Champagne ní oṣù kẹrin ọdún 1917, wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sẹ́yìn, ó sọ nù. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni wọ́n rí i lábẹ́ òkìtì èédú ní Belgium. Àwa tí a ń bínú tí íntánẹ́ẹ̀tì bá já kí a tó fi kóòdù pamọ́!

Ọjọ́ tó mú ni 20 oṣù karùn-ún ọdún 1910, aago méje àárọ̀. Ọjọ́ náà ti kọjá tipẹ́. Ohun tó mú un wù ú ni pé Vilhelm Bjerknes, ará Norway, ti kó àkọsílẹ̀ afẹ́fẹ́ òkè jọ fún ọjọ́ yẹn gan-an. Ìbéèrè rẹ̀ kò le: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí afẹ́fẹ́ ní agbègbè Munich, ní ilẹ̀ Jámánì, láàárín wákàtí mẹ́fà? Ìṣirò dáhùn pé ìwúwo afẹ́fẹ́ lórí ilẹ̀ yóò fi millibar 145 lọ sókè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà rárá.

Kí ẹ lè mọ bí 145 yẹn ṣe tó: nǹkan bí 1,013 ni ìwúwo afẹ́fẹ́ létí òkun lọ́jọ́ tí ara bá tù. Ìjì tó bá mú un wálẹ̀ ní 24 láàárín wákàtí 24, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti ń pè é ní bọ́ǹbù. Richardson rí 145 láàárín wákàtí mẹ́fà. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, mi ò rò pé ẹnì kankan á ráyè kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò fi sábẹ́ ìdí ìwé, kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ó to gbogbo fọ́ọ̀mù ìṣirò náà sílẹ̀, ìlà lórí ìlà, débi pé ẹni tó bá wù lè tẹ̀ lé e kó sì rí ibi tí ọ̀nà ti yà. Òun fúnra rẹ̀ pe àṣìṣe náà ní àṣìṣe, ó sì sọ ibi tó fura sí: àwọn nọ́ńbà afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ibí yìí ni ìwé náà ti bá mi wí. Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n ní kí àwa mẹ́ta kọ ètò tí yóò máa sọ iye ọjà tí wọ́n máa nílò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa fi han àwọn ọ̀gá, ètò náà sọ pé ṣọ́ọ̀bù kékeré kan máa ta ìlọ́po igba ohun tó ń tà tẹ́lẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a yọ ṣọ́ọ̀bù náà kúrò nínú àtẹ, a pa àkọsílẹ̀ ìdánwò yẹn rẹ́, a wọ aṣọ tó dáa, a lọ. Àwọn ọ̀gá pàtẹ́wọ́, wọ́n ní a ṣe dáadáa. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, àṣìṣe kan náà yọjú ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìnlá, owó ti wọlé sí i. Nígbà tí wọ́n ní ká wá ìdí ẹ̀, kò sí nǹkan tí a lè wò. Ohun tó yẹ kó tọ́ wa sọ́nà, ọwọ́ èmi gan-an ni mo fi pa á rẹ́. Ọkùnrin tó ń ṣe ìṣirò lórí koríko létí ogun ṣe dáadáa jù wá lọ, àwa tí a wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù.

Ohun tó ba ìṣirò Richardson jẹ́ nìyí. Bí ẹ bá ru omi nínú bàsíà lọ, omi á máa mì síwá sẹ́yìn. Ìmì yẹn yára, ó sì ń lọ, ó ń bọ̀; kò sọ nǹkan kan fún yín nípa bóyá bàsíà ń jò. Afẹ́fẹ́ náà ní irú ìmì bẹ́ẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́ gidi, ìwúwo àti ìrìn ẹ̀fúùfù bára wọn mu débi pé ìmì náà kéré. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà tí Richardson rí gbà, tí àwọn bálúùnù díẹ̀ mú wá láti ibi tó jìnnà síra wọn, kò bára wọn mu. Ìṣirò wá ka àìbáramu yẹn sí ìmì ńlá. Richardson wo bí omi ṣe ga sókè ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó fi wákàtí mẹ́fà sọ ọ́ di púpọ̀, ó wá rí i pé ilé ti kún fún omi.

Nítorí náà ìfura rẹ̀ tọ̀nà, àmọ́ kò tọ̀nà tán. Ó rò pé bí a bá ṣáà ti wọn ẹ̀fúùfù dáadáa sí i, ó parí. Kò rí i pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún àwọn nọ́ńbà náà ṣe kí wọ́n tó wọ inú ìṣirò. Pabanbarì ẹ̀ ni pé wákàtí mẹ́ta mẹ́ta tó fi ń sún aago síwájú ti gùn jù. Courant, Friedrichs àti Lewy ni wọ́n fi hàn lọ́dún 1928 pé bí ìgbésẹ̀ àkókò bá gùn ju bí àpótí ṣe fẹ̀ tó, ìṣirò á ya wèrè. Ká ní ó tẹ̀ síwájú sí wákàtí kejìlá ni, kò bá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo la ṣe mọ gbogbo èyí dájú? Peter Lynch, onímọ̀ ojú ọjọ́ ará Ireland, ló mú àwọn nọ́ńbà inú orí kẹsàn-án, ó kọ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. 145 náà tún jáde! Ìyẹn ni pé ìṣirò ọwọ́ inú koríko yẹn kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kan lọ́rùn. Lynch wá yọ ìmì náà kúrò nínú àwọn nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀, ó tún un ṣe, ìdáhùn sì wálẹ̀ sí nǹkan tí kò tó millibar kan. Ó kọ ìtàn náà sínú ìwé kan tó jáde lọ́dún 2006. Bí Richardson bá ṣe bíi tiwa ni, kí ni Lynch ì bá rí mú?

Mo ní ẹjọ́ bá ìwé náà rò o. Richardson fẹ́ kó gbogbo nǹkan sínú ìṣirò rẹ̀. Kódà bí omi ṣe ń gba ara ewé jáde lọ sínú afẹ́fẹ́, ó wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí mo ka bí ojú ewé mẹ́ta nípa ilẹ̀ tútù tí mo gbàgbé pé ojú ọjọ́ la ń sọ. Àwọn tó wá ṣe é yọrí lẹ́yìn rẹ̀, nǹkan tí wọ́n yọ sílẹ̀ ló ràn wọ́n lọ́wọ́. Àti gbọ̀ngàn 64,000 yẹn: òpó wà, iná wà, àwọn òjíṣẹ́ ń gbé fọ́ọ̀mù sọ̀ kalẹ̀, pápá ìṣeré wà níta kí àwọn oníṣirò lè gba atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n kò sí tábìlì kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí yóò yẹ nọ́ńbà tó ń wọlé wò bóyá wọ́n bára wọn mu. Àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ ní orí kẹsàn-án, kò tíì ní olùtọ́jú ní orí kọkànlá.

Lẹ́yìn ogun, ó padà sídìí iṣẹ́ ojú ọjọ́, àmọ́ kò pẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1920 wọ́n fi iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, tí ọkọ̀ ogun òfuurufú wà lábẹ́ rẹ̀. Richardson tún kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́. Ìyàwó rẹ̀, Dorothy, sọ lẹ́yìn náà pé nígbà tí ọkọ òun rí i pé àwọn tó ń ṣe gáàsì olóró nífẹ̀ẹ́ sí ìwádìí rẹ̀ lórí bí nǹkan ṣe ń túká nínú afẹ́fẹ́, ó ba èyí tí kò tíì tẹ̀ jáde jẹ́. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Ẹni tí kò lè fi àṣìṣe pamọ́, òun náà ló ba iṣẹ́ tó ṣeé ṣe kó tọ̀nà jẹ́. N kò rò pé ọ̀rọ̀ méjèèjì tako ara wọn: ó mọ̀ pé ohun tí a bá tẹ̀ jáde, ẹnikẹ́ni ló lè gbé e lò.

Ìbéèrè bí nǹkan ṣe ń túká kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ ṣá. Lọ́dún 1926 ó kọ ìwé ìwádìí kan tó ti ń béèrè, láìṣàwàdà, bóyá ẹ̀fúùfù ní ìyára rárá. Ohun tó rí ni pé bí nǹkan méjì bá ṣe jìnnà síra wọn tó, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ á ṣe máa yára tú wọn ká sí i: bí àlàfo bá di ìlọ́po mẹ́jọ, ìtúká á di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ó ti lé lógún ọdún kí ó tó fi òkun dán an wò. Òun àti Henry Stommel, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó wá di àgbà nínú ìmọ̀ òkun, lọ sí etí omi Loch Long ní Scotland, wọ́n ń ju gbòǹgbò parsnip sómi ní méjì méjì, wọ́n sì ń wọn àlàfo àárín wọn. Parsnip jọ kárọ́ọ̀tì, àmọ́ ó funfun. Ìdí tí wọ́n fi mú un ni pé ó léfòó, ojú sì rí i, ṣùgbọ́n gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ omi, ẹ̀fúùfù kò lè gbá a mú. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1948. Òkun náà tẹ̀ lé òfin afẹ́fẹ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ Richardson, èyí ni mo fẹ́ràn jù: irinṣẹ́ tí èèyàn lè rà lọ́jà, ìbéèrè tó tó òkun.

Lọ́dún 1950, Jule Charney, Ragnar Fjørtoft àti John von Neumann fi ENIAC ṣe ohun tí Richardson kò rí ṣe. Ẹ̀rọ yẹn, àwọn ológun Amẹ́ríkà ló ni ín. Ìṣirò ọta ìbọn ńlá ni wọ́n torí ẹ̀ kọ́ ọ. Àsọtẹ́lẹ̀ wákàtí 24 ń gbà á ní nǹkan bí wákàtí 24. Charney fi àwọn máàpù náà ránṣẹ́ sí bàbá arúgbó náà. Richardson kí i kú oríire, ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀: ó ní kí Dorothy wo máàpù ọjọ́ àkọ́kọ́, èyí tí ẹ̀rọ ṣe, àti èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kó sọ èyí tó jọ òtítọ́ jù. Dorothy ní ti ẹ̀rọ fi díẹ̀ dára ju kéèyàn wulẹ̀ sọ pé ọ̀la á rí bí òní. Ìyẹn ló kọ ránṣẹ́ padà. Ó kú ní 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1953. (Lọ́dún 2008, Lynch àti ẹnì kejì rẹ̀ ṣe ìṣirò ENIAC náà lórí fóònù Nokia 6300. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan.)

Ẹ jẹ́ ká padà sí 64,000 yẹn, torí ibẹ̀ ni nǹkan kan wà tí mi ò rí kí àwọn tó ń yin ojú ewé náà máa sọ. Lédè wa, iye yẹn ni ẹgbàá méjìlélọ́gbọ̀n: ẹgbàá lọ́nà 32. Bó ṣe rí nínú ìwé Richardson gan-an nìyẹn! Èèyàn 32 lọ́nà àpótí 2,000. Ẹni tó bá ka iye náà ní Yorùbá ti ṣe ìṣirò rẹ̀ kó tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ibo ló ti rí 2,000? Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́: bí àpótí kọ̀ọ̀kan bá fẹ̀ tó 200 kìlómítà, gbogbo ayé á gba àpótí 3,200. Ó wá fi ìlàjì gbólóhùn kan sọ pé ní ilẹ̀ olóoru, èèyàn sábà máa ń mọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká mú 2,000. Ó parí. Àpótí 1,200 lọ.

Inú 1,200 yẹn ni àwa wà, Ìbàdàn, Kútọnú, Lọ́mẹ́, gbogbo wa pátá. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí nọ́ńbà, kò sí ẹni tó lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó fi odindi orí kan jẹ́wọ́ millibar 145, kò fi ìlà kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

N kò sì lè sọ pé irọ́ ni pátápátá. Àgbẹ̀ wa mọ ìgbà òjò àkọ́rọ̀, ó mọ ti àrọ̀kúrò, ó mọ̀ pé òjò á sinmi díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ìyẹn la mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí a kò mọ̀ ni ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Ìbáramu ìwúwo àti ẹ̀fúùfù tó gba Charney là, bí ayé ṣe ń yí ló ń gbé e ró, agbára yẹn sì ń kéré sí i béèyàn bá ṣe ń sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Púpọ̀ nínú òjò wa ló ń bá ìjì tó ti ìlà-oòrùn wá rìn, òmíràn á rọ̀ sí Mọ́kọ́lá kó má kan Bódìjà. Lọ́dún 2018, Peter Vogel, Peter Knippertz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n gbé ètò àsọtẹ́lẹ̀ ńlá mẹ́sàn-án tó wà láyé sórí ìwọ̀n, lórí òjò apá àríwá ilẹ̀ olóoru Áfíríkà. Bí wọ́n ṣe ń jáde láti inú ẹ̀rọ, kò sí èyí tó dára ju kéèyàn ṣí àkọsílẹ̀ àwọn ọdún àtẹ̀yìnwá kó wo iye ìgbà tí òjò ti rọ̀ lásìkò yẹn. Ohun tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń na ẹ̀rọ.

Lánàá, fóònù mi sọ pé òjò á rọ̀ ní aago mẹ́rin. Mo ti kó aṣọ wọlé láago mẹ́ta ààbọ̀. Oòrùn ràn títí ilẹ̀ fi ṣú.